Ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi torí AI?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́bàá Ọláìyá, ní Òṣogbo níbí. À ń tẹ̀wé, à ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a sì ń bá èèyàn kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ UNIOSUN kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iṣẹ́ títẹ̀ wá mọ́. AI ti bá wọn kọ ọ́ tán lórí fóònù, ká kàn tẹ̀ ẹ́ jáde ló kù. Táíwò mi la jọ ń ṣe ṣọ́ọ̀bù náà. Kẹ́hìndé ní iṣẹ́ sólà lòun fẹ́ kọ́, bàbá wọn sì ní róbọ́ọ̀tì ò ní pẹ́ gba ìyẹn náà. Ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù ni, àbí kí n ra kọ̀ǹpútà tuntun? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. (Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín. Ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ẹ má retí pé owó títẹ̀ máa padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, torí kò ní padà.

Iṣẹ́ yín kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ ń gbọ́ ohun tí oníbàárà ń fẹ́, ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ń tò ó, ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì ń dúró lé e pé ohun tó wà níbẹ̀ tọ̀nà. Títẹ̀ àti títò ni AI ń gbà. Nínú ìwádìí tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé jáde ní 2023, iṣẹ́ akọ̀wé ni AI yìí lè fọwọ́ bà jù: ìdá 24 nínú 100 ohun tí wọ́n ń ṣe ló lè fọwọ́ bà gan-an, ìdá 58 mìíràn sì wà tó lè fọwọ́ bà níwọ̀nba. Ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín kó tó dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Bàbá kan fi bírò kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo ní kí AI tẹ̀ ẹ́ fún mi. Kò pẹ́ tó fi parí, ìwé náà sì mọ́ rekete. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni bàbá kọ, 60 sí 100 ni AI tẹ̀. Ó tún fi gbólóhùn kan kún un pé ẹni tó ra ilẹ̀ ti san gbogbo owó, bẹ́ẹ̀ ìdajì ló san! Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni irú ẹ̀rọ yìí ń fọkàn bá lọ, ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ ló sì ní gbólóhùn yẹn. Ká ní wọ́n buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ ni wọn ì bá bára wọn.

Ibẹ̀ gan-an lowó yín wà. Kí Táíwò jẹ́ kí AI kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kó wá gbé ìwé àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó ka orúkọ, iye owó, ìwọ̀n àti ọjọ́ sókè létí oníbàárà. Ẹ má fi iye ojú ìwé díye lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àyẹ̀wò ni kí ẹ máa gbowó fún, ẹ sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ètò ìsìnkú àti oríkì wà níbẹ̀ náà, AI ṣì máa ń ṣi àmì ohùn wa fi. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín sí: ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan gbé NIN tàbí BVN oníbàárà sínú AI. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ọ̀rùn ẹni tó gbà á lọ́wọ́ oníbàárà ló wà.

Kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ tó. Orí kọ̀ǹpútà àwọn tó ni AI ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún, íntánẹ́ẹ̀tì la fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dátà àti bátìrì ínfátà ni kí ẹ náwó sí.

Ti Kẹ́hìndé wá kù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá wọn. Láti 1961 ni róbọ́ọ̀tì ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ General Motors tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà, Amazon, ilé iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì kéde ní 2025 pé róbọ́ọ̀tì àwọn ti pé mílíọ̀nù kan. Àmọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: ilẹ̀ tó tẹ́jú, iná tí kì í lọ, ẹrù tí wọ́n tò bó ṣe yẹ. Ilé ní Alẹ́kúwodò ò rí bẹ́ẹ̀. Páànù ọ̀kan ti dípẹtà, igi òrùlé èkejì ti jẹ, ẹnì kan sì ti so wáyà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ti NEPA láìsọ fún ẹnikẹ́ni. AI lè bá Kẹ́hìndé ṣírò iye bátìrì tí ilé kan nílò, kò lè gun òrùlé yẹn. Iṣẹ́ náà sì ń tà láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí owó bẹntiróò fò sókè.

Kí ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ lọ wo ọ̀gá náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jẹ́ kí àwọn náà ṣírò iná, kí wọ́n sì so wáyà, àbí páànẹ́ẹ̀lì lásán ni wọ́n ń gbé gun òkè. Tó bá jẹ́ páànẹ́ẹ̀lì nìkan, ẹ wá ọ̀gá mìíràn fún un.