Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Odò, Òkè àti Igbó Ọdẹ Lórí Ilẹ̀ Tí A Fowó Rà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀, mo fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, Òkè-Fíà níhìn-ín ní Òṣogbo ni mo sì ń gbé. Àbúrò mi tó wà ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà fi fídíò ilẹ̀ ńlá kan tó wà láàárín òkè ránṣẹ́ sí mi, níbi tí onílẹ̀ ti ń fi ìwọ̀ pẹja nínú odò tirẹ̀, tó ń dọdẹ nínú igbó tirẹ̀, tó sì ń gbé inú ilé onípákó lábẹ́ òkè. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò níbẹ̀. Ẹbí kan lọ́nà Ìrágbìjí fẹ́ ta éékà mẹ́wàá fún mi. Òkè àpáta wà níbẹ̀, odò kékeré kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí mo bá ti rà á, ṣé mo lè mọ odi yí i ká, kí ẹja àti ẹran inú rẹ̀ di ti èmi àti àwọn ọmọ mi nìkan?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì. Èrò yín dùn mọ́ wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “odò tirẹ̀” àti “igbó tirẹ̀” tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín ni a fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹni tó ra ilẹ̀ àti àwọn tó bá lórí ilẹ̀.

Ní Montana tí àbúrò yín wà gan-an, onílẹ̀ kò ni odò. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1985 fún gbogbo ará ìlú láyè láti wọ odò kí wọ́n sì pẹja nínú rẹ̀, bí odò náà tilẹ̀ gba àárín ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti kọjá ibi tí omi máa ń kún dé. Ẹran ìgbẹ́ náà kì í ṣe ti onílẹ̀. Ìjọba ló ń bójú tó o fún gbogbo ènìyàn, ẹni tó ni ilẹ̀ pàápàá sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó yìnbọn sí àgbọ̀nrín. Fídíò kò lè fi èyí han ènìyàn.

Nílé wa níhìn-ín, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní ará ìlú, ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni ẹ ń rà. Ilẹ̀ ẹbí lẹ sì ń rà á lọ́wọ́ wọn. Bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà náà, kò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgbọ́ ti àwọn àgbà ojúlé yòókù, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí adájọ́ sì fagi lé e. Ẹ má san kọ́bọ̀ títí ẹ ó fi bá gbogbo wọn jókòó pọ̀, kí ẹ sì pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín bá a rìn yí ilẹ̀ náà ká. Níbi tí ẹ bá ti rí igi kòkó tàbí ọ̀pẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ẹ béèrè ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún yín.

Ní ti odi, èrò tiwa ni pé kí ẹ má mọ ọ́n. Éékà mẹ́wàá kò tó igbó ọdẹ. Ọ̀nà tí ẹran ń gbà kọjá lásán ni. Bí ẹ bá dí ọ̀nà náà, ẹran yóò yà síbòmíràn, ẹ ó sì kù pẹ̀lú odi yín. Àwọn ọdẹ abúlé náà ti mọ ibẹ̀ lóru ju bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án lọ. Ẹ wá Olúọ́dẹ wọn rí, ẹ kí i pé “àrìnpa o,” kí ẹ sì jọ ṣe àdéhùn ibi tí wọn yóò máa gbà àti ìgbà tí wọn kò ní yìnbọn. Àwọn náà ni yóò kọ́kọ́ rí olè, àwọn ni yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ òórùn iná nígbà ọyẹ́, nígbà tí àwọn tó ń lé ọ̀yà bá ti iná bọ igbó.

Ọ̀yà lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá dá ẹ̀ẹ̀sún sí létí odò, ẹ ó máa rí i. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹtu ń bí ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgalà. Igbó kékeré tí wọ́n bá ti pa abo ẹtu méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ lọ́dún kan lè dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ẹtu sí fún ọdún díẹ̀ ná. Akika, ẹran oníìpẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, òfin dá ààbò bò ó. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì fẹ́ gbé ìbọn, òfin ọdún 1959 ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Òṣogbo. Ìtàn ìlú wa sọ pé Olútìmẹ́yìn ọdẹ ló bá Láróòyè tẹ ìlú yìí dó, àti pé nígbà tí igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn kan ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Lẹ́yìn tí wọ́n bá Ọ̀ṣun mulẹ̀ tán, ẹja odò jáde wá jíṣẹ́ rẹ̀, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni orúkọ oyè Àtáọ́ja ti wá. Títí di òní, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dọdẹ tàbí pẹja nínú Igbó Ọ̀ṣun, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO sì kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ẹ wo inú rẹ̀ bí ẹ bá lọ, kí ẹ rí bí ọbọ ṣe ń sún mọ́ ènìyàn níbi tí a kò ti lé e.

Ó ku ilé. Ẹ má kọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ àpáta. Mo ti sùn nínú ahéré kan bẹ́ẹ̀ rí lọ́nà Ìkìrun, nínú oṣù kẹfà. Òjò kò pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n àpáta kì í mu omi. Gbogbo ohun tó rọ̀ sórí rẹ̀ ló dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàtà wa ti ń léfòó kí a tó rí tọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹrẹ̀ pupa wà lára ògiri dé orókún mi. Ẹ wá ibi tó ga díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkè, tí igi ńlá ti dì mú, kí ẹ sì ro etí ilẹ̀ yín mọ́ kí oṣù kejìlá tó dé, nítorí iná.

ÌBÉÈRÈ: Aránṣọ ni mí ní Òkè-Báálẹ̀. Bàbá mi fún mi ní éékà méjì létí odò kan lẹ́yìn ìlú, mo sì fẹ́ ní adágún níbẹ̀ kí àwọn ará ìgboro lè máa wá fi ìwọ̀ pẹja lọ́jọ́ ìsinmi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn dí odò náà. Ṣé ó dára?

ÌDÁHÙN: Kò dára, arábìnrin wa. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ń mu omi yẹn, bí àgbàrá oṣù kẹsàn-án bá sì dé, yóò wó ohun tí ẹ fi dí i, yóò sì kó ẹja yín lọ. Ẹ tún wo bí àwọn tó ń wa wúrà ní apá Ìjẹ̀ṣà ṣe sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀. Ẹni tó bá dí odò kò lè yan omi tí yóò wọlé. Ẹ gbẹ́ adágún sí ẹ̀gbẹ́ odò, kí ẹ fi páìpù tó ní àwọ̀n lẹ́nu fa omi wọ inú rẹ̀, kí ẹ lè tì í nígbà tí omi bá dọ̀tí. Ẹ da ẹpìyà àti àrọ̀ pọ̀ níbẹ̀, nítorí ẹpìyà máa ń bí jù, àrọ̀ yóò sì máa jẹ nínú ọmọ rẹ̀ kí adágún má baà kún fún ẹja tín-ín-tìn-ín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da Gamalin 20 tàbí oògùn kankan sínú omi láti fi pẹja.

Kí ẹ tó pe agbẹ́lẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ kan, ẹ rin ín díẹ̀, ẹ fún un mọ́ra bí òkèlè, kí ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹ sì hán an. Bí ó bá fọ́, yanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí kò bá fọ́, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn dé ìbàdí, ẹ pọn omi kún un lówùúrọ̀; yóò fà díẹ̀ tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún pọn ọ́n kún, kí ẹ fi ewé bò ó mọ́jú. Bí ọ̀pọ̀ omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lè pe agbẹ́lẹ̀.