Ẹ bi wá, a dá yín lóhùn: Ṣé iná lè mọ kòkòrò tó ń ṣe èèyàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan gbé maṣíìnì kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní kí n di irin kan mú, kò pẹ́ ni ìwé jáde pé mo ní kòkòrò nínú ìtọ̀, pé ẹ̀dọ̀ mi ò dáa, ni wọ́n bá ta oògùn fún mi. Àbúrò mi tó ń kàwé lókè òkun ní irọ́ ni, òun náà ló tún wá ń sọ pé iná kan wà ní láàbù wọn níbẹ̀, iná ọ̀hún ló ń dá kòkòrò mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn.

Ìyá Bọ́lá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká yára parí ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn: wọn ò gba ìtọ̀ lọ́wọ́ yín, wọn ò gba ẹ̀jẹ̀, irin lásán lẹ dì mú, báwo ni irin tó wà lọ́wọ́ ṣe fẹ́ rí kòkòrò inú àpò ìtọ̀? Ẹ gbé oògùn yẹn dání lọ bá dókítà kó rí i.

Àbúrò yín ní tiẹ̀ ò purọ́. Surface-enhanced Raman spectroscopy lorúkọ nǹkan yẹn lódindi, SERS làwọn tó ń ṣe é ń pè é. Raman yẹn, orúkọ èèyàn ni, C. V. Raman ará Íńdíà, òun àti K. S. Krishnan ni wọ́n rí i ní Kolkata lọ́dún 1928 pé tí iná bá kan nǹkan, èyí tó pọ̀ jù á padà pẹ̀lú àwọ̀ tó bá wá, àmọ́ ìwọ̀nba kín-ún á yí àwọ̀ padà torí pé àwọn mólékù inú nǹkan náà ń gbọ̀n, oníkálukú ló sì ní bó ṣe ń gbọ̀n. Bí ìlù ló rí, ẹni tó bá gbọ́ gángan látòkèèrè ò ní pè é ní bàtá.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ohùn ìlù yìí kéré jọjọ, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá photon, ìyẹn ẹyọ iná tó kéré jù lọ, bóyá lẹyọ kan máa yí padà. Fàdákà ló gbà wá. Lọ́dún 1974, Fleischmann, Hendra àti McQuillan ní Yunifásítì Southampton ń wo pyridine, kẹ́míkà kan, lórí fàdákà tí wọ́n ti sọ ojú ẹ̀ di págunpàgun, bí ohùn ṣe ròkè nìyẹn. Wọ́n rò pé torí ojú fàdákà yẹn fẹ̀ sí i ni, ó di 1977 káwọn míì tó fi hàn pé fàdákà fúnra ẹ̀ ló ń gbé ohùn yẹn sókè ní ìlọ́po bí 100,000 sí mílíọ̀nù kan.

Tó bá wá kan bakitéríà, wọ́n á po fàdákà tàbí wúrà tó kéré gan-an, ká ní 50 nánómítà (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan), mọ́ ọn. E. coli tó sábà máa ń dá wàhálà ìtọ̀ sílẹ̀ gùn tó 2,000 nánómítà, torí náà ẹ rò ó bí eégbọn tó lẹ̀ mọ́ ajá lára. Wọ́n á wá tan iná léésà sí i, kọ̀ǹpútà á ya ìlà olókè-gegele jáde, wọ́n á fi wé èyí tí wọ́n ti kó pamọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé o. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ara bakitéríà là ń gbọ́, àfìgbà táwọn ará Yunifásítì Boston fi hàn pé púpọ̀ nínú ohùn yẹn, adenine, ọ̀kan lára kẹ́míkà inú DNA, àtàwọn ẹbí ẹ̀ ni, tí bakitéríà ń tú síta nígbà tébi bá ń pa á nínú omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Itọ́ ẹnu ẹ̀ là ń gbọ́, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Ìyẹn ni pé bẹ́ ẹ bá ṣe fọ̀ ọ́ àti bó ṣe pẹ́ tó nínú omi lè yí èsì padà, láàbù méjì lè yẹ kòkòrò kan náà wò kí ìlà wọn má jọra. Iyọ̀ inú ìtọ̀ náà tún wà níbẹ̀, tó bá pàdé fàdákà yẹn lójijì, á ṣù pọ̀, àwọ̀ ẹ̀ á yí, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Lójú tèmi, iná kọ́ ni ìṣòro, fífọ̀ àti pípò ni.

Ṣé iná yìí lè sọ oògùn tó máa pa kòkòrò náà? Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀.

Ìyẹn gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ń lé. Lọ́dún 2019, àwọn kan ní Yunifásítì Stanford lo Raman lásán, tí kò ní fàdákà nínú, wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọgbọ̀n oríṣi kòkòrò, ó dá wọn mọ̀ ní ohun tó lé ní 82 nínú 100, tó bá jẹ́ irú oògùn tó yẹ ni wọ́n bi í, ó gba 97. Ó dáa, àmọ́ kòkòrò tí wọ́n ti hù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara aláìsàn jáde.

Nítorí náà Ìyá Bọ́lá, culture, ìyẹn híhu kòkòrò inú ìtọ̀ ní láàbù, tó máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta náà lẹ máa ṣe. Ìtọ̀ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ jẹ́ kí ti ìbẹ̀rẹ̀ dànù, ti àárín ni kẹ́ ẹ gbè sínú ike tí láàbù bá fún yín, kó tó di pé ẹ lo antibáyótíìkì kankan.