Èsì: Ṣé ara wọn nìkan ni àwọn Júù ń ràn lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé Júù ẹgbẹ́ wọn nìkan ni àwọn ará sínágọ́gù ń ṣàánú fún. Rárá o. Ẹ ṣí Léfítíkù orí 19: àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ kórè dé igun oko rẹ̀, ti tálákà àti àlejò nìyẹn. Ẹ ò rí i pé àlejò, ìyẹn ará ilẹ̀ mìíràn, wà níbẹ̀? Tzedakah ni wọ́n ń pe irú ọrẹ bẹ́ẹ̀, ara ọ̀rọ̀ Hébérù tó ń jẹ́ òdodo ló sì ti yọ. Bíi gbèsè ni wọ́n ṣe kà á sí.

Ní Amẹ́ríkà, bí ààwẹ̀ Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù, bá kù dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ sínágọ́gù máa ń pín àpò bébà fún ọmọ ìjọ. Oúnjẹ tí wọn ò ní jẹ lọ́jọ́ náà ni wọ́n á kó sínú rẹ̀ padà wá: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja inú agolo. Ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní àdúgbò ni wọ́n ń gbé e lọ.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Mazon, ẹgbẹ́ àwọn Júù ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Wọ́n ní kí ẹni tó ń náwó ìgbéyàwó tàbí bar mitzvah (ayẹyẹ ọmọkùnrin Júù tó pé ọdún mẹ́tàlá) yọ ìdá 3 nínú 100 owó náà fún àwọn tí ebi ń pa. Ẹ wo kí alága ìdúró kéde ìyẹn lóde tiwa!