Ilé onígi àtijọ́ ní Tamba-Sasayama: ṣé ká gbà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀sákà ni èmi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ìbejì àti àbúrò wọn ń há mọ́ inú yàrá méjì. A wá rí kominka ńlá kan, ilé onígi ayé àtijọ́, tí wọ́n fẹ́ fi háyà ní Tamba-Sasayama, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Hyogo nílẹ̀ Japan níbí. Àgbàlá wà, owó rẹ̀ kò tó èyí tí à ń san níbí. Ọkọ mi ní ká lọ, àmọ́ àyà mi ń já. Ṣé ilé bẹ́ẹ̀ ṣe é tọ́ ọmọ?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó ṣe é tọ́ ọmọ dáadáa. Irú rẹ̀ là ń gbé ní ìlú kékeré kan ní Hyogo yìí náà. Ṣùgbọ́n ẹ má wo ilé yẹn lóṣù karùn-ún kẹ́ ẹ sì fọwọ́ síwèé. Oṣù kìíní, nígbà òtútù, ni kẹ́ ẹ lọ.

Wọ́n kọ́ ọ kí ooru ẹ̀ẹ̀rùn lè rọ́nà jáde, òtútù náà sì mọ ọ̀nà ọ̀hún wọlé. Ògiri amọ̀, ilẹ̀kùn bébà (táwọn ọmọ yín á fìka lu, ẹ ra bébà pamọ́). Láàárọ̀, èémí yín á máa rú bí èéfín ní kíṣìnnì, epo pupa á ti dì sínú ìgò. Láti oṣù kejìlá, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń há sí: sítóòfù kẹrosíìnì, kotatsu (tábìlì kékeré tó ní iná ooru lábẹ́, tí wọ́n fi aṣọ ìbora bò), ẹní. Ẹ máa ṣí fèrèsé díẹ̀ o, gáàsì olóró tó ń jáde lára sítóòfù yẹn kì í rùn.

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fún ilé náà lókun nítorí ilẹ̀ ríri. Òfin ìkọ́lé tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1981, ilé yín ti dàgbà jù ú lọ. Ní 1995, nígbà tí ilẹ̀ ri ní Kobe, irú ilé onígi tí òrùlé rẹ̀ wúwo báyìí ló wó pa ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́lẹ̀. Bí wọn kò bá ti ṣe nǹkan kan sí i, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìwé àdéhùn náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ teiki shakka, àdéhùn ilé ọlọ́jọ́ pàtó, ọjọ́ tó bá pé ti parí nìyẹn. Bí onílé kò bá fẹ́ kọ òmíràn, ẹ ó kó jáde, bí ilé-ìwé ibẹ̀ tilẹ̀ ti mọ́ àwọn ọmọ lára. Àdéhùn ti gbogboogbò ni kẹ́ ẹ bèèrè. Lábẹ́ ìyẹn, òfin kò jẹ́ kí onílé ṣàdédé lé èèyàn. Ẹ bèèrè yàrá tí wọ́n tì pa pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ìgbà, pẹpẹ àwọn òkú ìdílé ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ onílé á sì fẹ́ wá kí wọn lásìkò Obon, ọdún ìrántí àwọn òkú, lóṣù kẹjọ. Àwa Yorùbá kò ní bá wọn jà sí ìyẹn.

Ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ èyí tí ọkọ̀ máa ń wá fà, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ kọ́kọ́ rí i. Mọ́tò pọn dandan. Ọjọ́ tí àdúgbò bá ń gé koríko, kí bàbá àwọn ọmọ jáde bá wọn gé e. Ẹ sì jẹ́ kó wà nínú ìwé, ta ni yóò sanwó bí òrùlé bá ń jò.