Tarragon tí kò lóòórùn: ajílẹ̀ kọ́ ló kù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó ti pé ọdún méjì tí mo gbin tarragon, ewé olóòórùn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, sí ọgbà ẹ̀yìn ilé ìdáná mi. Irúgbìn ni mo rà, gbogbo rẹ̀ ló sì hù. Ó ti ga dé àyà mi báyìí, ewé rẹ̀ pọ̀ yanturu, àmọ́ kò lóòórùn rárá, bí ẹni ń jẹ koríko ló rí lẹ́nu. Mo ti kó ìgbẹ́ adìẹ sí i, mo ti bu ajílẹ̀ olómi sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ajílẹ̀ wo ló máa mú kó lóòórùn? Mo tún fẹ́ gbin peppermint, horseradish (gbòǹgbò tó máa ń ta nímú) àti comfrey lọ́dún yìí. Irú irúgbìn wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ajílẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Kò sí ajílẹ̀ tó lè fún ewé ní òórùn tí kò sí lára rẹ̀ látilẹ̀.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yìí. Tí mo bá ti kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ “irúgbìn ni mo rà”, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Inú sì máa ń bí mi, kì í ṣe sí yín o. Àwọn tó ń di irúgbìn sínú páálí ni mo ń bínú sí, àwọn tó lẹ àwòrán ewé tó rẹwà mọ́ ọn, tí wọ́n sì mọ̀ dájú pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ́ ni oníbàárà ń wá. Ọdún méjì gbáko lẹ fi bomi rin nǹkan tí kò ní wúlò fún ìkòkò ọbẹ̀ yín. Ó dùn mí fún yín.

Tarragon méjì ló wà. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ ewéko fún méjèèjì, Artemisia dracunculus, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí àwọn alásè ń wá ni tarragon ilẹ̀ Faransé. Kì í sábà ga ju ìbàdí lọ, ewé rẹ̀ rọ̀, ó sì ń dán. Bí ẹ bá fi ìka méjì rún un, òórùn á bú jáde, ó jọ òórùn anise, irúgbìn olóòórùn dídùn kan. Bí ẹ bá jẹ ẹ́, ahọ́n yín á kú díẹ̀, bí ẹni pé ẹ fi nǹkan tútù kàn án. Èkejì ni ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ara rẹ̀ le, ó máa ń ga tó mítà kan àbọ̀, ewé rẹ̀ kì í dán tó ti Faransé, irúgbìn rẹ̀ sì máa ń hù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ní tiyín ti ga dé àyà, ẹ ní ó dà bíi koríko lẹ́nu. Ti Rọ́ṣíà ni ẹ ní.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ìdáhùn yìí, ẹ má gbàgbé èyí: tarragon ilẹ̀ Faransé yàgàn. Kì í sábà yọ òdòdó, bó bá sì yọ ọ́, òdòdó náà kì í so irúgbìn tó lè hù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní irúgbìn tarragon Faransé lòun ń tà fún yín, yálà kò mọ ohun tó ń tà, tàbí ó mọ̀ ọ́n tó sì ń purọ́.

Ìgbàgbọ́ tó ń fa gbogbo èyí ni pé ohunkóhun tó bá hù láti inú ilẹ̀, irúgbìn ló ti wá, a kàn ní láti rí irúgbìn tó dáa rà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wọn ò dárúkọ irúgbìn. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ta ló ti wọ ọjà lọ ra irúgbìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewé olóòórùn tí kì í kú lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó jẹ́ pé bí ewé orí ilẹ̀ bá gbẹ, gbòǹgbò wọn á tún rú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn, tàbí kí wọ́n pín gbòǹgbò rẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbìn lọ́nà yìí kì í ṣe ọmọ ewéko ti àkọ́kọ́, ara rẹ̀ gan-an ni. Òórùn tó ní ní ọgbà ẹni tó fún yín ni òórùn tó máa ní lọ́dọ̀ yín.

Peppermint náà nìyẹn. Àmúlùmálà ni, mint méjì ló gbà fún ara wọn tí wọ́n fi bí i: spearmint àti mint etí omi. Ẹ wo ìbaaka, tí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí: alágbára ni, àmọ́ kì í bímọ. Peppermint kì í so irúgbìn tó ń hù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, èmi náà ra páálí irúgbìn kan tí wọ́n kọ peppermint sí lára. Mo fọ́n ọn sínú ike méjìlá. Nígbà tí wọ́n dàgbà, mo ń rún ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: kò sí méjì tí òórùn wọn bára mu, kò sì sí ọ̀kan tó tutù lẹ́nu bó ṣe yẹ kí peppermint tutù. Àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wò mí títí, ó wọ inú ọgbà tirẹ̀, ó já ẹ̀ka kan tó gùn tó ìka àárín, ó já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó sì tì í bọ inú ife omi lójú fèrèsé. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, gbòǹgbò funfun tín-ín-rín ti yọ ní gbogbo oríkèé tó wà nínú omi. Látọjọ́ náà, mi ò ra irúgbìn mint mọ́. Inú ike nìkan ni kí ẹ gbin tiyín sí o, torí abẹ́ ilẹ̀ ló ń rìn gbà, kò sì mọ ààlà.

Horseradish, gbòǹgbò rẹ̀ ni ẹ máa rà. Ẹ wá èyí tó sanra tó pẹ́ńsùlù, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ máa rí i pé àwọn tó mọṣẹ́ máa ń gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á sì gé ìdí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń wá. Bí gbòǹgbò bá ti kúrò nínú ilẹ̀ tán, ó ṣòro láti mọ òkè rẹ̀ yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, àmì yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ gbìn ín sódì. Ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó yan ibi tó máa wà, torí èékù gbòǹgbò tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ á tún hù. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, òórùn rẹ̀ kì í jáde àfi tí ẹ bá rin ín. Odidi rẹ̀ kò ní ta yín nímú rárá, àmọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín, ojú yín á ṣomi. Ẹ ṣí fèrèsé. Ọtí kíkan ló máa ń dá títa rẹ̀ dúró: bí ẹ bá tètè bù ú sí i, kò ní ta púpọ̀, bí ẹ bá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó bù ú sí i, á ta dáadáa.

Comfrey ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ kò sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bó bá jẹ́ ajílẹ̀ lẹ fẹ́ fi ewé rẹ̀ ṣe, mo fara mọ́ ọn. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń pè ní Bocking 14, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́. Òun náà yàgàn, kò ní fọ́n irúgbìn káàkiri ọgbà yín. Gbòǹgbò rẹ̀ tó gùn tó ìka ni ẹ máa gbìn. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti sọ fún yín pé kí ẹ máa bọ ewé rẹ̀ mu, tàbí kí ẹ fi jẹ sàláàdì, ẹ má ṣe é. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní ọdún 2001, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn tó ń ṣe àfikún oúnjẹ pé kí wọ́n kó èyí tó bá ní comfrey nínú kúrò lọ́jà. Àwọn tó ń sọ pé “ewé lásán ni, kò lè ṣe nǹkan kan” kọ́ ló máa bá yín gbé ẹ̀dọ̀ yín. Èmi kì í ṣe dókítà, oníṣẹ́ ọ̀gbìn ni mí. Bí ẹ bá ti mu ún rí, tí ara yín kò sì yá, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì dárúkọ ewé náà fún un. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó máa mu ewékéwé déédéé, títí kan àwọn tí mo ń yìn níbí.

Mi ò sọ pé irúgbìn kò dára o. Lovage, ewé ọbẹ̀ olóòórùn kan, ń hù láti inú irúgbìn, àmọ́ irúgbìn ọdún yẹn ni kí ẹ gbìn, torí kì í pẹ́ kú. Sweet cicely, ewé olóòórùn mìíràn, náà ń hù, bí irúgbìn rẹ̀ bá ti la òtútù kọjá. Òun náà wà lára àwọn ewé tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ já nínú igbó láé, torí hemlock, ewéko olóró kan, jọ ọ́ lójú, hemlock sì ń pa ènìyàn.

Ó wá ku tarragon yín. Ẹ hú ti Rọ́ṣíà yẹn kó tó fọ́n irúgbìn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó ní ti Faransé, tàbí kí ẹ rà á nínú ike ní ọgbà tí wọ́n ti ń ta ewéko. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tọrọ àyè, ẹ rún ewé kan, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ jẹ díẹ̀. Bí kò bá ta sánsán, tí ahọ́n yín kò sì kú díẹ̀, ẹ má rà á, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ara ike náà. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fẹ́ fún yín, ẹ lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, nígbà tí èéhù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra bí ejò, ẹ má fi ipá fà á. Ẹ fi ọwọ́ tú u, ẹ mú èyí tó ní èéhù lórí, ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ń dé, nínú ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Omi tó bá dúró sí ìdí rẹ̀ ló ń pa á ju òtútù lọ. Ìgbẹ́ adìẹ, ẹ gbé e lọ fún lovage tàbí mint, àwọn ló fẹ́ràn ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ní tarragon, ara rírọ̀ tó ń ṣubú káàkiri ni yóò fún un.

Ó nílò ìsinmi ìgbà òtútù. Níbi tí kò bá sí òtútù rárá, á máa rẹ̀ ẹ́ títí á fi kú. Bó bá jẹ́ irú ibẹ̀ lẹ ń gbé, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ gbin Tagetes lucida, tí àwọn kan ń pè ní tarragon ilẹ̀ Mẹ́síkò. Òórùn wọn súnmọ́ra, òdòdó rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ooru kò bà á lẹ́rù, irúgbìn tiẹ̀ sì ń hù lóòótọ́.

Lọ́dún àkọ́kọ́, orí ẹ̀ka nìkan ni kí ẹ máa já, díẹ̀díẹ̀, kí gbòǹgbò lè ráyè jókòó. Tó bá di ọdún kẹta, ẹ tún hú u, ẹ pín in, kí ẹ sì fún aládùúgbò kan nínú rẹ̀.