Èsì: Ọ̀gọ̀dọ̀ tó ń gbẹ, kí la fẹ́ wò nínú rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló dé tí èèyàn á fi máa wọn omi ọ̀gọ̀dọ̀ inú Old Oyo National Park, ọgbà ìjọba tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko igbó, nígbà tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá ti dé, ilẹ̀ gbígbẹ lásán ni. Gbígbẹ yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì. Ẹja tó ń jẹ ọmọ àkèré kì í sábà rí ibẹ̀ gbé, ìyẹn ni àkèré àti àwọn edé wẹ́wẹ́ kan fi ń ráyè dàgbà. Ẹyin edé wọ̀nyí lè wà nínú ilẹ̀ tó ti sán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òjò á rọ̀, ẹyin náà á sì pa. Ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu!

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ ri igi tí ẹ ti fi sẹ̀ǹtímítà sàmì sí mọ́ ibi tó jìn jù. Ẹ máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí omi kún àti ọjọ́ tó gbẹ sílẹ̀, èmi ò fi ìyẹn ṣeré rárá: bí omi bá gbẹ kí ọmọ àkèré tó yọ ẹsẹ̀, wọ́n kú nìyẹn. Ẹ fọ bàtà àti àwọ̀n yín kí ẹ tó kọjá sí ọ̀gọ̀dọ̀ mìíràn, torí àrùn àkèré ń bá ẹrẹ̀ rìn. Ti inú ọgbà ìjọba, ẹ kọ́kọ́ gbàyè ní ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀yọ́.