Ta Ló Ń Wò Ó, Ìgbà Wo Ló sì Ní Láti Wò Ó?

Ìbéèrè tó wọlé lórí tẹlifíṣàn àti pátákó iná fún ìpolówó ọjà pọ̀ ju ohun tí ojú-ewé yìí lè gbà lọ. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pátákó kíkọ ní Ìjìgbò, Adó-Èkìtì, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní 1996. Mo ti kọ "Má Tọ̀ Síbí" sára ògiri débi pé n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ní báyìí, wáyà àti rìmóòtù ló kún àpò tí mo ń kó búrọ́ọ̀ṣì sí tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ta iyán ní Ìkẹ́rẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àkúrẹ́. Ọmọ mi tó wà ní Èkó fi tẹlifíṣàn rẹ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi, ínṣì 43 ni. Ó ní kí n kọjú rẹ̀ síta lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, kí àwọn tó ń kọjá lè máa rí oúnjẹ. Ọkọ mi ní owó iná ni mò ń wá láti san. Èwo ni kí n ṣe?" (Ìyá oníyán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ìyá wa, ẹ kú ìdí odó. Ẹ má gbé e sí fèrèsé. Inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ gbé e kọ́, níbi tí ẹni tó ti ṣanwọ́, tó ń retí iyán, yóò ti máa wò ó.

Mo ti ṣe ohun tí ọmọ yín sọ yẹn rí, ojú mi sì rí i. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ni, ní Òkèsà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, èmi náà so tẹlifíṣàn ilé mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì, mo gbowó mi, mo lọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyàwó tó ni ṣọ́ọ̀bù pè mí pé tẹlifíṣàn ti jóná. Mo sáré débẹ̀, mo rí àbàwọ́n dúdú ńlá láàrin ojú rẹ̀, bí ìgbà tí èéfín bá ti lu àjà ilé ìdáná. Àyà mi já. Mo tú u sílẹ̀, mo gbé e sábẹ́ òjìji, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Kò tó wákàtí kan tí dúdú náà fi pòórá.

Ohun tó fà á nìyí. Inú tẹlifíṣàn LCD, irú pẹlẹbẹ tó wọ́pọ̀ nílé, nǹkan kan wà láàrin gíláàsì méjì tó ń ṣàn bí omi, òun ló ń ṣí ọ̀nà fún ìmọ́lẹ̀ tó sì ń tì í. Bí oòrùn bá mú un gbóná jù, á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ á dúdú. Bó bá tutù, á rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń se é lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní rántí mọ́.

Ká tiẹ̀ ní kò dúdú, ta ni yóò rí i? Nits ni wọ́n fi ń wọn bí ojú tẹlifíṣàn ṣe ń tàn tó. Ti ilé sábà máa ń wà láàrin 250 sí 350. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún inú ṣọ́ọ̀bù máa ń wà láàrin 400 sí 700. Bí ó bá máa dúró lẹ́yìn gíláàsì tí oòrùn ń wò, 2,500 ni kí ẹ máa wá, ti ìta gbangba sì máa ń tó 5,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Tiyín, ní ọ̀sán gangan ní Ìkẹ́rẹ́, fìtílà tí wọ́n tàn sínú oòrùn ni. Òjìji àwọn tó ń kọjá ni wọn yóò máa rí nínú rẹ̀.

Nínú ilé ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó wà lórí ọkọ̀ kò ní àyè yín, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lè dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iyán tó dé, kò sì sí ohun tó ń wò ju fóònù rẹ̀ àti àwo ẹlòmíràn lọ. Ẹ fi fóònù ya ara yín níbi tí ẹ ti ń gún un. Ẹ di fóònù náà mú ní ìbú gbọọrọ o, ẹ má ṣe gbé e dúró bí ẹni tó ń ya ìdúró ìyàwó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín tẹlifíṣàn nìkan ni àwòrán yóò wà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dúdú. Ẹ ya ọbẹ̀ nígbà tó ń hó. Ẹ ya òyà, kí gbogbo ènìyàn rí i pé òyà ni. Kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, pẹ̀lú orúkọ oúnjẹ àti iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ ọ́ di fídíò MP4 kan ṣoṣo, kó fi sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Repeat sí. Ó tán. Ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà kankan.

Lórí lẹ́tà, òfin tí ọ̀gá mi kọ́ mi láyé búrọ́ọ̀ṣì náà ni mo ṣì ń lò: ínṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá bá jìnnà tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, kí lẹ́tà tó kéré jù lọ ga ní ínṣì méjì. Tẹlifíṣàn 43 kò ga ju bí ínṣì 21 lọ. Bí ẹ bá fi àlàfo sí i, ìlà márùn-ún ni yóò gbà. Ẹ má wá kó gbogbo oúnjẹ tẹ́ ẹ ń sè láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àìkú sí ojú kan náà.

Ní ti ọkọ yín, ẹ bá mi kí wọn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò. Irú tẹlifíṣàn yẹn ń jẹ nǹkan bí 100 watt. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá, yúnìtì kan lé díẹ̀ ni, 1.2. Nígbà tí owó Band A, ti àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná ogún wákàtí lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, ₦225 ni yúnìtì kan. Ní iye yẹn, ₦270 ni lóòjọ́. Ẹ fi iye tí ẹ̀yin ń ra yúnìtì lónìí ṣe é. Ẹran inú àwo kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ínfátà lẹ ń lò, bátìrì 12 volt tó jẹ́ 220Ah, tí ẹ kò bá jẹ ẹ́ kọjá ìlàjì, lè gbé e bíi wákàtí mẹ́wàá sí mọ́kànlá bí òun nìkan bá wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi fáànù méjì kún un, kò kàn mí mọ́.

Ohun méjì tó kù. Tẹlifíṣàn ilé, wọ́n ṣe é fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń tà fún ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe fún wákàtí 16 tàbí 24. Nítorí náà, ẹ pa á bí ẹ bá ti ń palẹ̀mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán kan dúró lójú kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìkejì, mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ máa fi fíìmù Yorùbá sí i. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 wà, fíìmù tẹ́ ẹ rà fún ilé kò di tiyín láti máa fi han gbogbo ènìyàn níbi òwò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá wo fíìmù á jẹ iyán tán, kò ní dìde. Ta ni yóò jókòó sórí àga yẹn?

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Onígbàjámọ̀ ni mí ní Ìwòròkó. Mo ra pátákó lẹ́tà pupa tó ń sáré, P10, páńẹ̀lì mẹ́ta. Nígbà òjò àkọ́kọ́, méjì kú. Kó tó kú rárá, gbogbo ibi tí mo bá ti fi àmì sí Yorùbá ló ń di àpótí." (Onígbàjámọ̀, Ìwòròkó-Èkìtì)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kọ́kọ́ wo èwo ló kú. Bó bá jẹ́ láti ìkejì dé òpin, má ì tíì ra páńẹ̀lì o. Ọ̀rọ̀ máa ń gba inú páńẹ̀lì kan bọ́ sínú èkejì ni, bí ìgbà tí àwọn ọmọléèwé bá ń gbé bíríkì lé ara wọn lọ́wọ́: bí ẹnì kan bá sùn, gbogbo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á dúró lásán. Yọ wáyà pẹlẹbẹ tó so ìkíní mọ́ ìkejì, nù ún, gbé òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ni kí o wo àpótí iná 5 volt bóyá ó ti dípẹtà.

Omi wọlé nítorí pé ojú páńẹ̀lì nìkan ló lè fara da òjò. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè fara dà á. Kí onírin fi páànù bo ẹ̀yìn náà, kó da ihò méjì mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ kí omi lè jáde kí atẹ́gùn sì wọlé. Bí ìwọ bá dí gbogbo rẹ̀ pa, ooru á parí iṣẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yẹn dùn mọ́ mi nínú. 10 tó wà lára P10 ni mìlímítà tó wà láàrin ẹyọ iná kan sí èkejì. Páńẹ̀lì kan ní ẹyọ iná 32 ní ìbú, 16 ní ìga. Sáàmì ohùn lókè, fi àmì sábẹ́ ẹ tàbí ọ, yọ àlàfo kúrò: ẹyọ mẹ́wàá péré ló kù fún lẹ́tà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣe káàdì inú rẹ̀, tó ń darí lẹ́tà, kò mọ̀ pé àwa wà láyé; wọn kò fi lẹ́tà alámì wa sí i, ìdí nìyẹn tó fi ń di àpótí. Ọ̀nà àbáyọ: kọ ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà, sọ ọ́ di àwòrán tó jẹ́ 96 ní ìbú, 16 ní ìga, kí o gbé e wọlé bí àwòrán, má tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà. Bí owó bá wà, fi ìlà páńẹ̀lì kejì kún un lábẹ́.

Má sì sọ pé o kò ní fi àmì sí i mọ́. Ọkùnrin kan tó ń ta àdá àti ọkọ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Adó gbé pátákó iná jáde láìfàmì sí i: OKO TUNTUN WA NIBI. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọlé wá béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ. Ó tajà lọ́sẹ̀ yẹn ṣá o, n kò ní purọ́.

Ní ti pé ó ń sáré, dá a dúró. Nígbà tí wọ́n fi gílóòbù tó lé ní 14,000 ṣe lẹ́tà tó ń sáré yí ilé Times Square ká ní New York, ní oṣù kọkànlá 1928, èsì ìbò ààrẹ ni wọ́n kọ, ogunlọ́gọ̀ sì dúró nílẹ̀ láti kà á. Ta ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ? Lẹ́tà rẹ, láìka àmì rẹ̀, ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, bí ínṣì mẹ́rin. Nínú òfin ọ̀gá mi, bíi mítà 12 ni wọ́n ti lè kà á láìṣe wàhálà. Ọ̀kadà tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí ń gba mítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá kan lé díẹ̀ ni. "Ẹ kú àbọ̀ sí ilé ìgẹrun ìgbàlódé" tó ń rìn lọ, "kú àbọ̀" nìkan ni ọlọ́kadà yóò bá pàdé. Kọ GẸRUN NÍBÍ, kí ó dúró gírígírí.

"Ilé ìta-oògùn ni mo ní. Aṣojú ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fún mi ní tẹlifíṣàn lọ́fẹ̀ẹ́, bí mo bá lè máa fi fídíò oògùn wọn hàn. Ṣé kí n gbà?" (Apòògùn, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ní ìwé àṣẹ NAFDAC lórí ìpolówó náà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára páálí oògùn yàtọ̀ sí ìyẹn. Oògùn tó jẹ́ pé ìwé dókítà ni wọ́n fi ń rà á, wọn kì í polówó rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ náà ì báà tó ínṣì ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé ìlàjì àkókò jẹ́ tiyín, kẹ́ ẹ lè fi wákàtí tẹ́ ẹ ń ṣí àti ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ìfúnpá sí i. Kí ẹ má sì kọ orúkọ oníbàárà kankan sí i láti fi pè wọ́n, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ lò.

"Àwọn kan wá pẹ̀lú ìwé, wọ́n ní kí n sanwó pátákó iná iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn mìíràn tún dé. Àwọn wo ni kí n dá lóhùn?" (Oníṣòwò, Ìjerò-Èkìtì)

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, nínú àfikún kẹrin, fi ìṣàkóso ìpolówó ìta gbangba sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń mójú tó pátákó. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ikọ̀ méjèèjì ti ibi iṣẹ́ wá lóòótọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gba ìwé tí wọ́n mú wá, ẹ gbé méjèèjì dání lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ béèrè èyí tó tọ́, ẹ san án sí báńkì, kẹ́ ẹ sì so rìsíìtì náà mọ́ ara ògiri níbi tí ẹni kẹta tó bá tún dé yóò ti rí i kó tó lanu.